Adìẹ odidi lórí èédú: ẹ̀gbẹ́ ni kí iná wà, kì í ṣe abẹ́

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé ní Iléṣà, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í darí wálé fún Ìwúdè àti Kérésìmesì, kò sí àdúgbò tí ẹ máa gbà kọjá lálẹ́ tí òórùn ẹran sísun kò ní pàdé yín lọ́nà. Adìẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú àwọn adìẹ wọ̀nyẹn ló ń bàjẹ́ lórí iná. Ara rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ ó fa itan rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ á ṣì wà ní oríkèé.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Lọ́dún kan tí àwọn àna ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa, odidi adìẹ mẹ́ta ni mo gbé ka iná, kò sì sí ọ̀kan tó ṣeé gbé síwájú àlejò nínú wọn. Màmá mi ló gé gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, tó kó o sínú ìkòkò, tó dín ata lé e lórí kí ojú má baà tì wá. Ìyá kan tó ń yan ẹja ládùúgbò wa ló là mí lójú lẹ́yìn náà. Mo dúró tì í lọ́jọ́ kan, mo rí i tó ń fi igi ti gbogbo ẹyín iná sí apá kan ààrò, tó sì to ẹja sí apá kejì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Iná tó bá ń sọ kì í yan nǹkan, ọmọ mi. Ńṣe ló ń jó o.” Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ẹ wò ó: ẹran tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ṣúyà lè dúró lórí iná tó mú, torí kò nípọn. Odidi adìẹ nípọn, kò sì nípọn bákan náà. Ìgẹ̀ rẹ̀ tètè ń jinná, ó sì tètè ń gbẹ. Oríkèé itan, níbi tí itan ti so mọ́ ìdí, ló ń pẹ́ jù. Bí iná bá wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, awọ á ti jóná kí ooru tó dé eegun. Ọ̀rá tó ń yọ́ á tún máa kán sórí ẹyín iná, iná á sọ, èéfín dúdú á rọ̀ mọ́ ẹran, ó sì máa ń korò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí iná bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ fi nǹkan dé adìẹ mọ́lẹ̀, ooru á yí i ká bíi ti inú ààrò búrẹ́dì, á sì máa wọ inú ẹran díẹ̀díẹ̀.

Adìẹ tí ẹ máa rà

Oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá nínú àgò ní ọjà Atakúnmọ̀sà. Buróílà ni àkọ́kọ́, adìẹ àgírìkì funfun tí wọ́n ń fi oúnjẹ sanra fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí wọ́n tó tà á. Ẹran rẹ̀ rọ̀, ọ̀rá wà lábẹ́ awọ rẹ̀, òun ló sì yẹ fún ohun tí a fẹ́ ṣe yìí. Ìkejì ni adìẹ ẹlẹ́yin tó ti dàgbà, èyí tí àwọn ọlọ́sìn ń tà nígbà tí ẹyin rẹ̀ bá ti ń dín. Ìkẹta ni adìẹ ìbílẹ̀ wa, tó ń jẹ̀ kiri àgbàlá.

Mi ò ní kí ẹ má ra adìẹ ìbílẹ̀ o. Kò sí buróílà tó dùn tó o. Ṣùgbọ́n òun àti adìẹ ẹlẹ́yin ti lo ẹsẹ̀ wọn fún ìgbà pípẹ́, iṣan ara wọn ti yi, iná gbígbẹ nìkan ò lè rọ̀ wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ bọ̀ wọ́n pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀ lórí iná tí kò le, fún nǹkan bí wákàtí kan, títí fọ́ọ̀kì á fi wọlé sí itan láìjà. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó wá gbé e sórí wáyà fún ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Buróílà ni kí ẹ má bọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ni kò ní gbà fún mi níbí, torí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ni pé kí a bọ gbogbo adìẹ kí ó tó rí iná. Ìbẹ̀rù pé inú rẹ̀ kò ní jinná ló fa àṣà yẹn, ìbẹ̀rù náà sì bójú mu nígbà tí iná bá wà lábẹ́. Bí iná bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sídìí tí ẹ fi máa da adùn ẹran sínú omi.

Èyí tó bá wọn kìlógíráàmù kan àbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tu ìyẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sì kó ìfun rẹ̀ jáde ló dára jù. Láàyè, irú adìẹ bẹ́ẹ̀ á máa lé díẹ̀ ní kìlógíráàmù méjì. Bí èrò bá pọ̀, ẹ ra kékeré méjì dípò ńlá kan.

Ẹ dúró ti ẹni tó ń bá yín tu ú. Awọ ni aṣọ adìẹ lórí iná; bí ó bá ya, ọ̀rá á jáde, ẹran abẹ́ rẹ̀ á gbẹ. Omi tó ń hó kùtùkùtù máa ń se awọ, ẹni tó ń tu ìyẹ́ á sì máa fà á ya mọ́ ìyẹ́. Omi tó gbóná tí ọwọ́ ò lè gbé nínú rẹ̀, àmọ́ tí kò tíì hó, ni kí wọ́n lò, bíi 60°C sí 65°C. Kí wọ́n rì í bọ̀ ọ́, kí wọ́n máa fa ìyẹ́ apá wò. Nígbà tí ìyẹ́ náà bá ti yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí wọ́n gbé e jáde. Ẹ ṣọ́ òróòro nígbà tí wọ́n bá ń kó inú rẹ̀. Bó bá bẹ́, ẹ ṣan ibẹ̀ kíá.

Èyí tó bá jẹ́ adìẹ inú fíríìsà, ó gbọ́dọ̀ yọ́ tán pátápátá kí ó tó rí iná. Nínú fíríìjì, ó máa gbà tó odidi ọjọ́ kan. Bí kò bá sí ìgbà, ẹ fi í sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, ẹ rì í sínú omi tútù, ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ìṣẹ́jú 30-30. Wákàtí méjì sí mẹ́ta á tó fún un. Ẹ má ṣe gbé e sórí tábìlì láti àárọ̀ dọ̀sán, torí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa inú rírun á ti máa pọ̀ sí i ní ìta ara rẹ̀ nígbà tí inú ṣì dì.

Lílà á

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun gan-an ló sì ń mú kí itan àti ìgẹ̀ jinná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ da adìẹ dojú bolẹ̀ lórí pátákó, kí ìdí rẹ̀ kọjú sí yín. Ẹ fọwọ́ wá eegun ẹ̀yìn: ó lọ gbọọrọ láti ìdí títí dé ọrùn. Ẹ mú àlùmọ́gàjí ńlá tàbí ọ̀bẹ tó mú dáadáa, ẹ gé e láti ìdí lọ sókè, kí ọ̀bẹ fara ti eegun náà lápá ọ̀tún. Eegun ìhà kéékèèké á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ẹ ṣe ń lọ. Ẹ padà wá gé apá òsì bákan náà, eegun ẹ̀yìn á sì jáde lódidi. Ẹ yí adìẹ náà padà kí awọ wà lókè, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé àárín ìgẹ̀, kí ẹ fi ìwúwo ara yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó gbọ́ tí eegun ìgẹ̀ á dún pọ́! Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ nìyẹn. Ẹ ká ṣóńṣó apá méjèèjì sẹ́yìn kó má baà jóná.

Eegun ẹ̀yìn yẹn, ọrùn, iwe àti ẹsẹ̀, ẹ kó wọn sínú ìkòkò. Omi wọn ni mo fi ń se ẹ̀gúsí tí a fi ń jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ kejì, Ìjẹ̀ṣà ò sì gbọ́dọ̀ ju irú eegun bẹ́ẹ̀ nù.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó wà lódidi láìlà nítorí ojú àlejò, ó ṣeé ṣe. Ẹ so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ má ki nǹkan kan sínú rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan àbọ̀ ló máa gbà. Èyí tí a là kì í ju wákàtí kan lọ.

Ọ̀rọ̀ kan lórí fífọ̀: bí ẹ bá máa fọ̀ ọ́, inú abọ́ ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, kì í ṣe abẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára. Omi adìẹ tútù tó bá ta sára àwo, sára tòmátì tàbí kábéèjì tí ẹ fẹ́ jẹ ní tútù, àìsàn ló gbé lọ síbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó lẹ́yìn rẹ̀.

Iyọ̀ àti èròjà

Iyọ̀ kọ́kọ́ dá lọ, kí èròjà tó tẹ̀ lé e. Fún adìẹ kìlógíráàmù kan àbọ̀, ṣíbí ìjẹun kan tí a fi ọwọ́ gbọn orí rẹ̀ dọ́gba ló tó. Bí ẹ bá máa lo Maggi tàbí Knorr méjì, ẹ dín iyọ̀ náà kù sí ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ara adìẹ gbẹ, ẹ wọ́n iyọ̀ náà sí inú àti ẹ̀yìn, pàápàá ibi tí itan ti nípọn. Ẹ gbé e sínú fíríìjì láìdé e, kó sùn mọ́jú. Iyọ̀ á kọ́kọ́ fa omi jáde, omi náà á sì padà wọlé pẹ̀lú iyọ̀. Atẹ́gùn fíríìjì á gbẹ awọ, awọ gbígbẹ ló sì ń pọ́n tó ń dún lẹ́nu. Bí iná mànàmáná kò bá dá yín lójú, inú kúlà tí ẹ da yìnyín sí ni kí ó wà fún wákàtí kan tàbí méjì. Adìẹ tútù kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju wákàtí méjì lọ lójú ooru ìta.

Lọ́jọ́ tí ẹ máa sun ún, ẹ lọ atalẹ̀ bí àtàǹpàkò ọwọ́, aáyù ìdì mẹ́rin, àlùbọ́sà kékeré kan, ìyèré ṣíbí tíì kan, ata gbígbẹ bí ẹ ṣe lè jẹ ẹ́ tó. Ẹ fi ṣíbí òróró méjì pò ó. Ọgbọ́n kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání: abẹ́ awọ ni èròjà tútù ń lọ. Ẹ ki ìka bọ abẹ́ awọ láti apá ọrùn, ẹ rọra yà á kúrò lára ìgẹ̀ títí dé itan, kó má ya, kí ẹ wá fi ìka tẹ́ èròjà náà síbẹ̀. Ewé efinrin méjì mẹ́ta tí ẹ bá tẹ́ sórí ìgẹ̀ lábẹ́ awọ, òórùn rẹ̀ á wọ ẹran. Aáyù àti àlùbọ́sà tó bá wà lórí awọ á jóná, á sì korò. Lórí awọ, òróró díẹ̀, ata gbígbẹ, kọ́rì àti táìmù nìkan ti tó. Ẹni tó fẹ́ oyin tàbí ṣúgà, ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn ni kó fi pa á, torí ṣúgà kì í pẹ́ jóná.

Iná

Ìdajì dúróòmù tí wẹ́dà là, tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí, ni mo ń lò. Ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú dúróòmù náà tẹ́lẹ̀; èyí tó gbé kẹ́míkà rí, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Èyí tó bá ní ọ̀dà lára, ẹ dá iná ńlá sí i lófìfo títí ọ̀dà á fi jó tán, ẹ fọ̀ ọ́, kí oúnjẹ tó dé ibẹ̀. Fún ìdérí, ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se oúnjẹ òde tàbí abọ́ alumíníọ̀mù ńlá ló dára. Ẹ má fi páànù òrùlé dé e, nítorí èèfín tó ń jáde lára síǹkì rẹ̀ bí ó bá gbóná jù kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ ra èédú tó wúwo. Ẹ mú méjì, ẹ fi ọ̀kan kan èkejì: èyí tó dára máa ń ró kẹnkẹn bí irin, èyí tó bá ń rún, tó ń dún pọ́pọ́, eérú lásán ló máa dà. Èédú tó kún ike ọ̀dà lítà 4 méjì tó fún adìẹ kan. Ògùṣọ̀ ni kí ẹ fi ràn án. Kẹrosíìnì máa ń fi òórùn sára ẹran, bẹtiróòlù sì ti ba ojú àti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, ẹ má tilẹ̀ gbé e súnmọ́ ibẹ̀. Ìta gbangba ni kí gbogbo èyí ti wáyé. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn jáde, ó sì ń pani lójú oorun. Nígbà ọyẹ́, tí òtútù bá ń mú, ẹ má gbé èyí tó kù nínú àdògán wọlé láé.

Ẹ jẹ́ kí ó jó fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, títí eérú funfun á fi bo ojú èédú tí kò ní sí iná tó ń sọ mọ́. Ẹ wá fi igi ti gbogbo rẹ̀ sí apá kan dúróòmù. Ní apá kejì, ẹ gbé àwo irin pẹlẹbẹ tí omi wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ kó máa gba ọ̀rá. Ẹ gbé wáyà lé e. Láti mọ bó ṣe gbóná tó, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sókè wáyà, ó jìnnà sí i bí ìbú ọwọ́ kan àbọ̀, ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ní apá tí èédú wà, ẹ ò ní ka ju ẹ̀ta lọ tí ẹ ó fi fa ọwọ́ yín. Ní apá tí adìẹ máa wà, ó yẹ kí ẹ lè ka àárùn-ún tàbí ẹ̀fà. Bí ẹ bá ka ẹ̀wá, iná kéré. Ẹ fẹ́ ẹ.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè yí gbogbo èyí padà. Ó máa ń jẹ èédú tán kíákíá, ó sì ń gbé ooru lọ. Ẹ gbé dúróòmù sẹ́yìn ògiri, kí ẹ sì ní èédú mìíràn nílẹ̀.

Lórí wáyà

Ẹ gbé adìẹ sí apá tí kò sí iná, kí awọ wà lókè, kí itan kọjú sí èédú, kí ìgẹ̀ jìnnà sí i. Ẹ dé e. Ẹ fi àyè bí ìka méjì sílẹ̀ létí ìdérí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná á kú. Bí ẹ bá ní igi gúróbà tàbí igi ọsàn tó ti gbẹ, ẹ ju ẹ̀là kékeré kan sórí èédú; èéfín rẹ̀ dùn. Pákó tí wọ́n kun ní ọ̀dà tàbí oògùn ikán kò yẹ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí ohun tó ṣòro jù èyí lọ. Àwọn ènìyàn á máa ṣí i, wọ́n á máa yí i, wọ́n á máa fi fọ́ọ̀kì gún un; gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni ooru ń jáde. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan: ẹ yí adìẹ kí apá tó wà lódì wá súnmọ́ èédú díẹ̀, ṣùgbọ́n itan ṣì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn ju ìgẹ̀ lọ. Bí èédú bá ti ń rẹlẹ̀, inú àdògán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ ti ran èyí tí ẹ máa fi kún un, torí èédú dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn máa ń rú èéfín burúkú.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 sí 45, awọ á ti di àwọ̀ epo pupa tó fẹ́ ṣú, ọ̀rá á sì máa hó wínníwínní lórí rẹ̀. Àsìkò àyẹ̀wò ti tó. Tẹmómítà tí a fi ń yẹ ẹran wò ló dájú jù: ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ ibi tó nípọn jù nínú itan, kó má kan eegun. 74°C ni ó kéré jù tí gbogbo ara adìẹ gbọ́dọ̀ dé. Èmi máa ń jẹ́ kí itan dé 80°C, ó máa ń rọ̀ sí i. Ẹni tí kò ní tẹmómítà, kó fi ọ̀bẹ gún oríkèé itan: bí omi tó jáde bá mọ́, tí ẹran etí eegun kò sì ní àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ mọ́, tí ẹsẹ̀ sì ń mì fàlàfàlà bí ẹ bá dì í mú, ó ti jinná. Bí omi náà bá pupa, ẹ dé e padà fún ìṣẹ́jú 10.

Ìgbà yìí nìkan ni adìẹ ń kọjá sórí iná gan-an. Ẹ da awọ rẹ̀ bolẹ̀ sórí èédú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, láìdé e, kí ẹ má kúrò níbẹ̀. Bí iná bá sọ, ẹ fà á padà sí apá kejì, ẹ má bu omi sí i, torí eérú ló máa fò sára ẹran. Ẹ ó gbọ́ tí awọ á máa ta ṣáṣá. Ẹ gbé e kúrò.

Kí ẹ tó gé e

Àwo mímọ́ ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe èyí tó gbé e wá ní tútù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ojú kòkòrò ọmọdé ìbáà wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá gé e lójú ẹsẹ̀, omi inú rẹ̀ á ṣàn jáde sórí pátákó. Bí ó bá sinmi, omi náà á dúró sínú ẹran. Ẹ kọ́kọ́ yọ itan méjèèjì ní oríkèé, lẹ́yìn náà apá, kí ẹ wá la ìgẹ̀ sí méjì, kí ẹ sì gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbú. Dùndú àti ata díndín tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀ ni mo máa ń gbé tì í.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé, ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Èédú tó ṣì dára, ẹ kó o sínú ìkòkò irin, ẹ dé e pinpin kó kú, ẹ ó tún un lò. Eérú ní tirẹ̀, ẹ má dà á sí ààtàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà ọyẹ́, ẹyín iná kan ṣoṣo tó fara pamọ́ sínú eérú lè ran gbogbo koríko ẹ̀yìnkùlé. Ẹ bu omi sí i, ẹ fi igi rò ó, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.